Ohùn Tín-ín-rín Lábẹ́ Ẹ̀rọ

"Ó parí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wí fún un. Ó fi àkísà nu ọwọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ ti àpótí irinṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Gun katakata rẹ, wà á dé ìdí igi ọ̀hún, kó o sì padà. Bó bá tún dún, kó o pè mí ní aláìmọṣẹ́."

Obìnrin náà, awakọ̀ katakata oko màlúù kan, gùn ún. Ó fa ọ̀pá tó ń mú ẹ̀rọ ìgékoríko ṣiṣẹ́, àwọn abẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́yìn rẹ̀. Lóòótọ́, ariwo gbò-gbò-gbò tó ti ń dà wọ́n láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ti lọ. Oríkèé ọ̀pá tó ń gbé agbára láti ara katakata lọ sínú ẹ̀rọ ló ti jẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó wà á lọ. Koríko ń wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí irun lábẹ́ ọwọ́ onígbàjámọ̀, inú rẹ̀ sì ti ń dùn. Àfi bó ṣe yí sọ́wọ́ òsì nídìí igi náà ló gbọ́ nǹkan mìíràn: ohùn kan tín-ín-rín, fíììì, bíi ti kẹ́túlù tó fẹ́ hó. Nígbà tó tọ́ ọ padà, ohùn náà rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́.

Ó padà wá, ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbò-gbò-gbò ti lọ. Ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ nǹkan kan ń súfèé."

"Kí ní ń ṣe kí ni?"

"Ó ń súfèé! Lápá ọ̀tún níbẹ̀ yẹn. Ẹ gbọ́ ọ."

Ọkùnrin náà tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di ojú. Obìnrin náà ń gbọ́ súfèé yẹn kedere, bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá ń ké sí èèyàn létí.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i."

"Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan! Etí tìrẹ ló ń dún. Bí èèyàn bá jókòó sórí katakata láti àárọ̀, kò sí ohun tí kò ní í gbọ́."

Elétí-ehoro ni àwọn awakọ̀ ìlú náà ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì yìí. Kí ọkọ̀ kan tó yọ ní kọ́nà, á ti sọ ohun tó ń ṣe é: "Bíárìn ẹsẹ̀ ọ̀tún ti jẹ lára ìyẹn." Wọ́n á ní irọ́ ni, ọkọ̀ á dé, wọ́n á tú u wò, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Òun ló tọ́ obìnrin yìí dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú. Òun ló kọ́ ọ ní katakata wíwà nígbà tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín pé kí lobìnrin fẹ́ fi ṣe, òun náà ló sì bẹ máníjà oko màlúù yìí títí tó fi gbà á síṣẹ́. Kò rọrùn láti dúró níwájú irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, kéèyàn máa bá a jiyàn lórí ariwo.

Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí máníjà rìn dé. Ọkùnrin gíga tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elétí-ehoro, ó dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Kí ló tún ń hó lábẹ́ ìyẹn?" ló béèrè láì wẹ̀yìn.

"Ọ̀la, sà," ni Elétí-ehoro dáhùn wéré. "Bí ojú ọjọ́ bá gbà fún wa, ọ̀la la máa gé e tán."

Máníjà yí padà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín." Ó gbójú sókè wo àwọsánmà. "Oòrùn yìí kò ní í pẹ́ lọ. Bí a ò bá gé koríko yìí ká sì sá a gbẹ kí òjò tó padà, inú omi ló máa jẹrà sí, mi ò sì mọ ohun tí àwọn màlúù máa jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí apá yín ò bá ká ẹ̀rọ yìí, ẹ sọ fún mi, kí n ránṣẹ́ pe àwọn tó tà á."

Obìnrin náà ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rí i pé kò wo ojú máníjà rárá. Ẹnu rẹ̀ ló ń wò, bí ọmọdé tó ń kọ́ ìwé kíkà ṣe ń wo ojú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà yé e lójijì. Ó sáré pa ẹ́ńjìnnì.

"Èmi ni mo ní ká dá a dúró, sà," ló wí fún máníjà. "A máa fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọ̀la."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ohun tó fi hàn pé ó mọ ohun tó ń mi orí sí.

Nígbà tó kúrò níbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò lọ sílé. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ. Láti ojú títì ló ti ń gbọ́ rédíò, àfi bí ẹni pé ìpolongo ìbò ni wọ́n ń ṣe nínú ilé náà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń ká aṣọ lórí okùn. Ìyàwó náà dàgbà jù ú lọ dáadáa, àmọ́ nítorí pé ó bá awakọ̀ náà nínú ilé ọkọ, kò pe orúkọ rẹ̀ rí, Ìbàdíàrán ló ń pè é.

"Ìbàdíàrán mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí, ìyàwó wa. Ta ló yí rédíò sókè báyìí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ̀gbọ́n yín náà ni. Bí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní mo ti pa á."

Awakọ̀ náà gba díẹ̀ lára aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ká a. Ó wá sọ pé, "Ẹ ti mọ̀, àbí?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé èjìká. "Mo mọ̀ kẹ̀. Èmi tí a jọ ń gbé inú yàrá kan náà. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ọmọ wa obìnrin pè lórí fóònù? Ẹ̀gbọ́n yín ń ní, 'Hẹn, hẹn, o ṣeun, máa kí ọkọ rẹ o.' Mo bi wọ́n pé kí lọmọ wí, wọ́n ní ó ní kí àwọn kí mi. Ṣé ẹ mọ ohun tọ́mọ ń sọ? Ọmọ ń sọ pé òun lóyún!"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ náà fi di okùn aṣọ mú. Ẹ̀yìn náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi etí ìró nu ojú, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mo bá wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ta ló máa gbé ẹ̀rọ wá bá mẹkáníìkì adití. Ìbínú kọ́, Ìbàdíàrán. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

Ẹ̀rù ń ba awakọ̀ náà pẹ̀lú. Bó bá ní kí máníjà pe àwọn tó ta ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní í fọwọ́ kan nǹkan kan lóko náà mọ́, gbogbo ìlú á sì béèrè ìdí. Bó bá sì dákẹ́, tó ń gé koríko lọ, ohun tó ń súfèé yẹn á gbóná títí á fi ya, tàbí kó ta iná sínú koríko gbígbẹ, òun gan-an ló sì jókòó síwájú rẹ̀. Ó wọlé lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ẹ̀rín kí i, ó sọ̀rọ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì dáhùn èyíkéyìí nínú ohun tó bi í. Ó dúró díẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ní àárọ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ahéré ńlá tí wọ́n ń gbé katakata sí. Ó lọ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti mọ́ ọn lójú dáadáa, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi."

"Kí lo ṣe?"

"Ariwo yẹn wà. Mo gbọ́ ọ. Máníjà gbọ́ ọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́ ọ."

Ọkùnrin náà mú sípánà, ó ń tú bóòtì kan tó ti tú tẹ́lẹ̀. "Ìyàwó mi ló rán ọ."

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹ gbọ́ èyí tó ń ṣe gbò-gbò-gbò, ẹ sì tún un ṣe. Èyí tó tín-ín-rín lẹ ò gbọ́." Ó sún mọ́ ọn sí i. "Ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn ẹyẹ kẹ́yìn?"

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró. Lórí àwọn igi tó gbé páànù ahéré náà ró, àwọn ẹyẹ kéékèèké tò jọ bí àwọn ọmọ ilé-ìwé níbi ìdárayá àárọ̀, wọ́n ń ké bí wọ́n ṣe máa ń ké láràárọ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Ó rí ẹnu wọn tó ń ṣí, tó ń pa dé.

"Mo rò pé wọ́n ti kúrò níbí ni," ló wí.

Ó jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan. Àbúrò rẹ̀ kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ gbá a mọ́ra, ó tún fẹ́ sá jáde. Kò ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ó kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ katakata lọ́wọ́, ó ń retí pé kí ó lé òun jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn tó fi máa ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ ló mú jáde.

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Sà?"

"Ariwo yẹn. Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi dáadáa. Bí katakata bá ń ṣiṣẹ́, tí abẹ ò sì yí, ṣé ó ń dún?"

"Rárá o. Àfi bí abẹ bá ń yí."

"Ọwọ́ katakata mọ́ nìyẹn. Bó o bá gbé ẹ̀rọ náà kúrò nílẹ̀ ńkọ́?"

"Ó máa ń rọlẹ̀. Kì í tán."

"Ṣé ó ń sinmi, àbí ó ń lọ gbọrọ?"

"Gbọrọ ni. Àmọ́ bí mo bá yí sọ́wọ́ òsì, á wá le, bí ìgbà téèyàn tẹ ológbò nírù."

"Sọ́wọ́ òsì." Ó fi ìka yàwòrán ẹ̀rọ náà sínú eruku ilẹ̀, ó fi àmì sí ibi tí abẹ kọ̀ọ̀kan wà. "Bó o bá yí sósì, apá ọ̀tún ni wàhálà ń dà lé. Gíá kọ́ nìyẹn. Gíá kì í súfèé, kíkùn ló máa ń kùn, èmi náà ì bá sì ti gbọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àbúrò rẹ̀ náà sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ṣì ń bà á. "Ó dáa. Gbé e jáde. Jẹ́ kó yí dáadáa, kó gbóná. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè, kó o pa á."

Ó gbé e jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí wọ́n ti lè máa rí ara wọn. Súfèé náà bẹ̀rẹ̀, ó sì ń le sí i. Nígbà tí ọwọ́ lọ sókè, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó dúró títí gbogbo abẹ fi dáwọ́ yíyí dúró, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú sápò ara rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa ṣèèṣì tan iná lé mi lọ́wọ́," ló wí.

Ó gbé garawa omi wá. Orí abẹ kọ̀ọ̀kan ní ilé bíárìn tirẹ̀, níbi tí ọ̀pá abẹ ti ń yí, irin róbótó bí ìdérí ìkòkò. Ó ti ìka bọ omi, ó wọ́n ọn sórí ti apá òsì. Omi náà jókòó jẹ́ẹ́. Ó wọ́n ọn sórí ti àárín. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Ó wọ́n ọn sórí ti apá ọ̀tún, omi náà fò, ó sì di èéfín.

"Ṣé ó dún?" ló béèrè.

"Ó dún ṣàà."

"Mo rí i."

Wọ́n jẹ́ kó tutù. Wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀rọ náà sókè, wọ́n fi àwọn ìtì igi tì í lábẹ́ kó má bàa já lé wọn lórí, àwọn méjèèjì sì dọ̀bálẹ̀ sínú koríko. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di abẹ náà mú, ó yí i díẹ̀díẹ̀.

"Fọwọ́ kàn án. Má fetí sí i, ọwọ́ ni kó o fi gbọ́ ọ. Kí lo mọ̀?"

"Ó ń ṣe gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Bí ẹni pé iyanrìn wà nínú ẹ̀."

"Ohun tí mo mọ̀ náà nìyẹn."

Ó tú abẹ náà kúrò. Lábẹ́ ibi tí abẹ jókòó sí ni wọ́n ti rí i: wáyà tín-ín-rín kan ti wé mọ́ ọ̀pá abẹ náà wìnnìwìnnì, ó ti ń dán bí òrùka fàdákà nítorí yíyí. Ó ti gé rọ́bà tó dí ẹnu bíárìn, gírísì ti ṣàn jáde, eruku sì ti gba ipò gírísì.

"Wáyà ọgbà tó já nídìí igi nìyí," ni awakọ̀ náà wí. "Mo gba orí ẹ̀ kọjá, mi ò mọ̀."

"Ta ni ì bá rí i nínú koríko? Mú píńsì wá."

Bíárìn náà kọ̀, kò fẹ́ jáde. Wọ́n da epo sí i, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, wọ́n lù ú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dákẹ́ èébú, pé bíárìn kì í gbọ́ èdè, àbúrò rẹ̀ sì dáhùn pé ó jọ àwọn kan tí òun mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wo ẹnu rẹ̀ ní àkókò náà, rí gbogbo rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yọ, dúdú ni, ó ti gbóná títí ó fi yí àwọ̀ padà, ọ̀kan lára àwọn ọmọ irin inú rẹ̀ sì ti fọ́ lápá kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí i lọ́wọ́ wò, ó sì mi orí. "Bó o bá fi gé koríko títí di ọ̀sán òní, ibi tó bá wù ú ni abẹ yìí máa fò lọ." Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó wá bíárìn àti rọ́bà tó bá a mu, ó sì fi epo fọ ilé bíárìn náà títí ó fi mọ́ bí abọ́ oúnjẹ.

Àtifi tuntun wọlé ló wá kù. Ó gbé páìpù irin lé e lórí, ó gbé òòlù sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó sọ òòlù náà kalẹ̀.

"Bó bá kan ìdí, ohùn òòlù á yí padà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ohùn yẹn ni mo máa ń tẹ̀ lé. Bí mo bá lù ú kọjá ibẹ̀, mo ti bà á jẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá mo máa gbọ́ ọ."

"Èmi á gbọ́ ọ."

"Má wo òòlù o. Gbọ́ ọ."

Ó di ojú. Òòlù ń ró, pó, pó, pó, bí ìgbà tí wọ́n ń lu igi. Lójijì ó ró kẹ́ń, ohùn náà mọ́, ó sì le.

"Ó ti yí! Ẹ dúró, ó ti yí!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó fi ìka kan ṣoṣo ta bíárìn náà, ó sì yí bí omi. Wọ́n rọ gírísì sí i, wọ́n da abẹ padà, wọ́n sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Nígbà náà ló yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, tó nà án sí i.

Awakọ̀ náà wà á lọ sí ìdí igi ọ̀hún. Ó rọra yà fún ibi tí wáyà ọgbà já sí, ó sì yí sọ́wọ́ òsì. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́ abẹ tó ń gé koríko, wùù, bí atẹ́gùn nínú ewé. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ó wẹ̀yìn, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókèèrè tó na ọrùn, tó ń wá èsì lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù wọ́n.

"Di sítẹ́ríǹ mú!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo. "Ṣé o fẹ́ gun igi ni?"

Ó gé koríko títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí máníjà dé, pápá náà ti mọ́ lóló, koríko tò sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ó rìn yí ẹ̀rọ náà ká.

"Kí ló ṣe é?" ló béèrè.

Awakọ̀ náà ti ya ẹnu láti sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ti rí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bíárìn ni, sà. Wáyà ló wọ̀ ọ́. Lánàá, ẹ bi mí, mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ wí, mi ò sì gbọ́ ariwo náà. Etí mi kì í mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Àbúrò mi yìí ló gbọ́ ọ."

Awakọ̀ náà di apá katakata mú. Máníjà rìn wá síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an, ó dúró síbi tí wọ́n ti jọ kọjú síra, ó sì fa ọ̀rọ̀ náà síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀rọ tó ń fún wàrà lára màlúù ń ṣe wàhálà láti ọjọ́ yìí. Bí ẹ bá kó koríko yìí wọlé tán, kí ẹ̀yin méjèèjì bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Àwa méjèèjì, sà?" ni awakọ̀ náà béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí." Ó kí wọn, ó sì lọ.

Wọ́n fọ ọwọ́ nínú garawa kan náà, wọ́n jókòó sínú òjìji katakata. Àárẹ̀ ti mú àwọn méjèèjì débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bi í nípa epo dísẹ́lì.

"Bá a bá kó koríko wọlé tán, mo fẹ́ lọ rí dókítà etí ní ọsibítù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kó o bá mi lọ."

"Ṣé kì í ṣe ìyàwó wa ni—"

"Òun náà á lọ. Kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó tì mí." Ó ń fi ìka yọ gírísì tó kù sí abẹ́ èékánná rẹ̀, kò gbójú sókè. "Èèyàn á pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á máa pe orúkọ mi, mi ò sì ní í gbọ́."